Ṣé «àìrígbẹ́yà» gba gbogbo ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì béèrè?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní kí a fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ méjì fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn tí ìfun ń yọ lẹ́nu: «àìrígbẹ́yà» àti «ìgbẹ́ gbuuru». Ó ní wọ́n ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn, kí la tún fẹ́ ṣẹ̀dá òmíràn sí? Mo gbà pé wọ́n wà lẹ́nu wa. Mi ò gbà pé wọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká tú u: àì-rí-ìgbẹ́-yà. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kan ò jáde. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo bi ìyá àgbà kan lórí bẹ́ẹ̀dì pé, «Mà, ṣé ẹ ń rí ìgbẹ́ yà?» Wọ́n ní, «Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ojoojúmọ́ ni.» Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo gbé póò kúrò lábẹ́ wọn. Kóró mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó le koko, àfi bíi ti ewúrẹ́, òógùn sì ti bo ìyá láti orí dé ọrùn. Ìyá ò parọ́. Èmi ni mi ò mọ ìbéèrè í bi.

Ẹni tí kò bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ wà lára àwọn tí dókítà ń sọ pé ó ní àìsàn tí òyìnbó ń pè ní «constipation». Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ le, ẹni tó ń fi gbogbo ara tì í, àti ẹni tó ń ṣe bíi pé ó ṣì kù nínú, wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mẹ́ta nínú àmì mẹ́rin yìí kò sí nínú ọ̀rọ̀ «àìrígbẹ́yà». Ẹni tó ń lo oògùn apàròrá bíi mọ́fíìnì lè máa yàgbẹ́ lójoojúmọ́ kí ara má sì tù ú.

Ẹnì kan dábàá «ìfun dídí» dípò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a lò ó níbí. Ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, inú rẹ̀ á wú, á máa bì, isó pàápàá lè má jáde lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ ẹni náà ń lọ, kíákíá. Bí nọ́ọ̀sì bá sì fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi pe méjèèjì, a ti dá wàhálà sílẹ̀.

«Ìgbẹ́ gbuuru» náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìgbẹ́ ṣíṣàn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24 ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo bàbá tí ìgbẹ́ ti gan mọ́ ìfun ìsàlẹ̀ rẹ̀: omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ìgbẹ́ tó gan yẹn jáde, ó ń ba aṣọ jẹ́, àwọn ará ilé ní gbuuru ni, wọ́n sì ń wá oògùn tí yóò dá a dúró. Èyí tó gan á tún le sí i. «Ìgbẹ́ jíjò» ni mo pe èyí, bí ìgbà tí òrùlé ń jò.

Àwọn kan bínú pé «ìgbẹ́» kò bójú mu lẹ́nu. Ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ń lọ ṣe, ìgbẹ́ ló ń jáde. Bí mo bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, mo ń sọ ìgbọ̀nsẹ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé, mo ń kọ ìgbẹ́.

Ní ti ìrísí ìgbẹ́, àwọn olùṣèwádìí méjì, Lewis àti Heaton, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwòrán oríṣi 7 jáde ní 1997, nọ́ọ̀sì sì ń lò ó káàkiri. Èdè wa ò tòṣì níbẹ̀ rárá: èkíní, kóró-kóró, ẹ̀kẹrin, ó rọ̀, ó ń dán, ó gùn bí ejò, ẹ̀kẹfà, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, èkeje, omi lásán. Aláìsàn á kàn na ìka sí i.

Nítorí náà, àbá mi: «àìrígbẹ́yà» fún ẹni tí kò rí nǹkan kan yà, «ìgbẹ́ líle» fún ti ìyá yẹn, «ìfun dídí» fún ti oníṣẹ́ abẹ, «ìgbẹ́ jíjò» fún ti bàbá. Èyí tó kù, tí èèyàn á dìde kúrò lórí póò tí á ní «ó ṣì ń ṣe mí bíi pé ó kù», mi ò rí ọ̀rọ̀ orúkọ kankan tó bá a mu. Mo ń kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe ti ẹnu aláìsàn jáde ni.