Píà Comice ẹ̀yìnkùlé: inú rẹ̀ rà kí ìta tó rọ̀

Ìyá Ìbejì, Kent: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Igi píà kan wà lẹ́yìnkùlé ilé tí a kó sí lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ta ilé náà so páálí kékeré kan mọ́ ọn, "Doyenné du Comice" ni wọ́n kọ sí i. Kì í ṣe píà oní-kóró ńlá tí a ń fi jẹ búrẹ́dì nílé o, píà òyìnbó ni. Mo fi èso rẹ̀ sílẹ̀ lórí igi kó lè rọ̀ dáadáa. Nígbà tí mo já a, ìta rẹ̀ dára, àmọ́ bí mo ṣe là á báyìí, àárín ti di búráùn, ó ti rà. Ọ̀pọ̀ ni mo dà nù, ó dùn mí gan-an. Kí ni kí n ṣe lọ́dún yìí?

Bàbá Ọlọ́gbà, Hertfordshire: Ẹ kú ilé tuntun, Ìyá Ìbejì. Kò sí ohun tó ṣe igi yín. Èso náà ló pẹ́ jù lórí igi. Láti inú ni píà yìí ti ń rọ̀ bọ̀ síta, tí ìta bá fi máa rọ̀ lórí igi, inú ti bàjẹ́. Orí igi ló ti ń gbó, inú ilé ló ti ń pọ́n. Ṣé ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ri píà tiwa mọ́ inú ìrẹsì kó lè rọ̀? Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Láti ìparí oṣù kẹsàn-án bọ́ sí oṣù kẹwàá, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé èso kan sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Bó bá já wẹ́rẹ́, ó ti gbó. Bó bá di ẹ̀ka mú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Yóò le bí òkúta lọ́wọ́ yín, ẹ má dààmú. Ẹ rọra gbé e, nítorí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibi tó bá ti kọlu nǹkan yóò dúdú.

Fìríìjì ló kàn, oṣù kan ó kéré tán. Òtútù yẹn ló ń jẹ́ kó pọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kó mẹ́rin-mẹ́rin jáde sórí tábìlì. Kó tó ọ̀sẹ̀ kan yóò ti ń rọ̀. Ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀, kì í ṣe ikùn. Tí ọrùn bá ti tẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ìgúnpá yín, kò sì ní rí bí iyanrìn lẹ́nu bí ti àwọn píà mìíràn. Èmi ò tíì jẹ píà tó dùn tó o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Oregon: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní agbègbè Medford, oko rẹ̀ pọ̀, òun ni wọ́n ń dì sínú àpótí ẹ̀bùn Kérésìmesì. Tó bá ti jáde nínú fìríìjì tí ẹ sì ń kánjú, ẹ kó o sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, kí ẹ ká ẹnu àpò náà. Afẹ́fẹ́ ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn yóò jẹ́ kó tètè rọ̀.

Ìyá Ìbejì, Kent: Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Ẹ ṣé, àbúrò. Ó kù ẹyọ kan: òdòdó rẹ̀ máa ń pọ̀, àmọ́ èso kì í pọ̀.

Bàbá Ọlọ́gbà, Hertfordshire: Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀? Kì í fi òdòdó tirẹ̀ nìkan so dáadáa, oyin gbọ́dọ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó píà mìíràn wá bá a. Ẹ gbin irú píà tó ń jẹ́ Conference tàbí Concorde sí tòsí. Ó sì fẹ́ràn ooru. Ìlú Angers ní ilẹ̀ Faransé ló ti kọ́kọ́ so, lọ́dún 1849, nínú ọgbà ẹgbẹ́ ọlọ́gbà tí wọ́n ń pè ní Comice, ibẹ̀ sì móoru ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín síbi ògiri tó kọjú sí gúúsù níhìn-ín.

Ìyá Ìbejì, Kent: Aládùúgbò wa ní igi kan tó ń yọ òdòdó funfun nígbà kan náà. Màá bi í lọ́la irú igi tó jẹ́.

Bàbá Ọlọ́gbà, Hertfordshire: Ẹ bi í dáadáa. Tó bá jẹ́ ápù, kò lè ṣe é.