Ẹ̀rọ Ilé Nínú Ṣọ́ọ̀bù àbí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìrírí Àwa Ará Èkìtì

Láti Adó-Èkìtì

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ẹ̀rọ ilé bá délẹ̀ ní Adó, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ń jẹ èrè àjẹjù, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà ti ń dínwó. Ohun tí èmi rí nígbà tí mo fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n onínṣì 43 yàtọ̀ sí èyí. Mo wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́, mo sì lọ bèèrè irú rẹ̀ gan-an ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba. Nígbà tí mo fi owó ìkẹ́rù kún iye ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù kò tó owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sí Àkúrẹ́. Ẹnubodè kan náà ni ẹrù àwọn méjèèjì gbà wọlé, owó tí wọ́n ń gbà ní ẹnubodè náà ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀.

Baba tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó ti ń tajà láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá ṣì gbòde, fi báírò ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi sára páálí òfìfo kan. Owó ẹnubodè kì í ṣe iye kan tí wọ́n fi náírà dá. Ìdá kan nínú iye ọjà ní dọ́là ni, wọn yóò wá sọ ọ́ di náírà ní iye tí àjọ aṣọ́bodè bá ń ṣírò dọ́là lásìkò náà. Ìlànà owó ẹnubodè tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, jọ ń lò ní ìpele márùn-ún, láti 0% títí dé 35%, 20% sì ni ti ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ti ṣe parí. Ẹ jẹ́ ká ní tẹlifíṣọ̀n kan jẹ́ $200 nígbà tó gúnlẹ̀ sí èbúté Apápá. 20% rẹ̀ jẹ́ $40. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦422 ni àjọ náà ń ṣírò dọ́là kan, èyí tó sọ owó ẹnubodè náà di ₦16,880. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ ní ohun tó ju ₦1,350 lọ, $40 kan náà sì ti lé ní ₦54,000. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan kún 20% o. Náírà ló wálẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni VAT, owó orí tí à ń san lórí ọjà, 7.5%, yóò tún gorí gbogbo rẹ̀, kí ẹrù tó gun tírélà, kí tírélà tó forí la kòtò ojú ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo bi í pé ẹrù tó ti wà nílẹ̀ kí dọ́là tó gbówó lórí ńkọ́, ṣé òun náà san owó tuntun ni. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, bí mo bá tà á ní iye àtijọ́, kí ni n ó fi ra òmíràn dípò rẹ̀?" N kò fẹ́ràn èsì náà, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo lè gbá a mú. (Mo kàn ṣàkíyèsí pé bí dọ́là bá wálẹ̀ díẹ̀, wọn kì í rántí ìṣirò yìí mọ́.) Ní oṣù Kejì ọdún 2025, tí àjọ aṣọ́bodè kéde pé àwọn yóò máa gba 4% lórí iye ọjà, tí wọ́n sì dá a dúró láìpẹ́, ariwo ìkéde yẹn nìkan ti tó fún àwọn kan láti yí iye ara ẹrù padà, wọn kò sì dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀.

Ohun tó mú mi ra tèmi níbẹ̀ kì í ṣe iye. Ọmọ iṣẹ́ baba náà tan jẹnẹrétọ̀, ó já páálí níṣojú mi, ó ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé àwòrán funfun báláú sí gbogbo ojú rẹ̀. Baba náà tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì: àmì dúdú kan wà níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Èmi ì bá má rí i. Ó ní kí ọmọ náà dá a padà sínú páálí, kí ó gbé òmíràn wá. N kò bèèrè ẹni tí wọn yóò ta ti àkọ́kọ́ fún. Ká ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, ilé mi ni ǹ bá ti rí àmì yẹn, èmi ni ǹ bá sì máa wá ọ̀nà tí yóò fi padà sí Èkó. Ó kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n sínú rìsíìtì, ó sì buwọ́ lù ú. Ní tèmi, ẹ̀rọ tó bá lójú ńlá tó lè fọ́, ibi tí a ti lè rí ẹni tó tà á bá wí ni kí a ti rà á.

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ni tiyín. Ọ̀rọ̀ fóònù yàtọ̀, pàápàá fún àwa tí a kì í gbé Adó. Fóònù tí mo kọ́kọ́ rà, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á, pẹ̀lú rìsíìtì àti ẹ̀rín músẹ́. Kò pẹ́ tí bátìrì rẹ̀ wú, tó fi ń ti ẹ̀yìn fóònù jáde. Nígbà tí mo gbé e padà, ẹni tó tà á fún mi fi ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ rìsíìtì níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò owó ọkọ̀ tí n ó fi máa lọ máa bọ̀ lórí ẹjọ́ náà, mo ra bátìrì òmíràn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, èyí tí a ń sanwó rẹ̀ nígbà tó bá dé. Kí n tó sanwó, mo tẹ *#06#, tó ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù jáde, mo sì fi nọ́ńbà náà wé ti ara páálí. Ẹni tó gbé e wá fajú ro, ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: orí ìkànnì ńlá kan ṣoṣo, ọgọ́ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ló ń pàtẹ síbẹ̀, kì í ṣe onílé ló ni gbogbo ọjà tó wà nínú ilé. Mo máa ń wo orúkọ ẹni tó ń tà á gan-an, mo sì máa ń ka ohun tí àwọn tó ti rà á sọ, ní pàtàkì àwọn tí inú bí. Fóònù tí wọ́n pè ní tuntun, tí iye rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an sí ti gbogbo àwọn yòókù nígbà tí owó ẹnubodè ń gòkè, tòkunbọ̀ tí wọ́n tún nù ni mo kà á sí.

Láti Ọyẹ́-Èkìtì

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ̀yin méjèèjì kò mẹ́nu bà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkìtì ló sì ń gbà á: kí ẹni wa tó wà lókè òkun bá wa rà á. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé ìlú tiwọn náà ń ka owó ẹnubodè mọ́ ọjà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n yọ fóònù àti kọ̀ǹpútà kúrò nínú àwọn owó ẹnubodè kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹrù kékeré tí iye rẹ̀ kò ju $800 lọ, tó ń wọ Amẹ́ríkà láìsan nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ti di ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé kò ní àléébù, nítorí pé ṣájà rẹ̀ ń gba iná fóltì 100 títí dé 240. Bílẹ́ńdà tó fi kún un ni wàhálà. Iná fóltì 120 ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, níbi tí ojú kì í tètè dé, ìyá wa sì ki í bọ iná ilé wa, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ata inú rẹ̀ kò tíì kúnná tí òórùn jíjó fi gba ilé ìdáná. Atúnrọ̀ṣe wa ní òun lè wé wáyà inú rẹ̀ padà, pé kí a wá ra ẹ̀rọ tí yóò máa bá a dín agbára iná kù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ iye tó pè ju ti bílẹ́ńdà tuntun tí wọ́n ń tà ní Ìfàkì lọ.