Oblivion ń dúró gbagidi lórí láàpútọ́ọ̀pù mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti kéde géèmù The Elder Scrolls VI ni ojú mi ti wà lọ́nà. Kó tó dé, mo fẹ́ gbá Oblivion ti ọdún 2006, géèmù inú ọ̀wọ́ kan náà, torí Skyrim tó tẹ̀lé e dùn mọ́ mi dé eegun.

RAM 4GB ni láàpútọ́ọ̀pù mi, kò ní graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde). Nínú ẹ̀wọ̀n tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ geere. Bí mo bá ti jáde síta báyìí, tí koríko àti omi yọ, ó parí! Mo ti dín àwòrán kù, mo ti pa koríko. Àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ní kí n ra òmíràn, owó ò sì sí.

Ẹni tó ti gbá a lórí irú ẹ̀rọ yìí, kí ni kí n yí nínú Oblivion.ini (fáìlì ètò géèmù náà), àbí Morrowind, èyí tó ṣáájú Oblivion, lórí OpenMW (ètò ọ̀fẹ́ tó ń gbé Morrowind ṣiṣẹ́) ló máa gbà?