Kí ló dé tí áyọ́ọ̀nù oní-1000 wáàtì kò gba iná tó iye tí mo ṣírò?

Aránṣọ Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọ́n kọ ọ́ sára áyọ́ọ̀nù mi pé 220 fóòtì, 1000 wáàtì. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti tan iná, kì í tètè gbóná mọ́. Lánàá mo wọn iná, mo bá 180 fóòtì. Níwọ̀n bí mo ti mọ̀ pé fóòtì (bí iná ṣe ń tì tó) lọ́nà áńpíà (iye iná tó ń ṣàn) ni wáàtì (agbára), mo fi 180 pín 1000, mo sì ń retí áńpíà 5.56, ṣùgbọ́n 3.7 péré ni mítà kọ. (Mo ti kọ́kọ́ fi ẹnu mítà náà gbá wáyà méjèèjì mú pọ̀, ó sì kọ òdo, kí n tó rántí pé ọ̀kan ṣoṣo là ń gbá mú.) Ṣé mítà ló ń purọ́ ni, àbí áyọ́ọ̀nù ti bàjẹ́?

Oníná Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ mú 1000 wáàtì bí ohun tí kì í yẹ̀ lára áyọ́ọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé bí iná bá pé 220 nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni ìdènà, ìyẹn bí irin inú rẹ̀ ṣe ń há ọ̀nà mọ́ iná. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ìlú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, kò ní bi mí léèrè ohun tí ń jẹ́ ìdènà. Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 ni a fi ń wá a: ẹ fi áńpíà pín fóòtì, óòmù, ìyẹn òṣùwọ̀n ìdènà, ni yóò jáde. Bí iná bá pé, 1000 tí a fi 220 pín jẹ́ áńpíà 4.55, 220 tí a fi 4.55 pín jẹ́ óòmù 48.4. Ẹ wá fi 48.4 yìí pín 180, ẹ ó rí 3.72, ohun tí mítà yín sọ gan-an. 180 lọ́nà 3.72 kò ju nǹkan bíi 670 wáàtì lọ. Fóòtì kò dín tó ìdá kan nínú márùn-ún, síbẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ti lọ, nítorí pé bí fóòtì bá ti ń wálẹ̀ ni áńpíà náà ń bá a wálẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fi wọn gbogbo nǹkan. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì ní nǹkan bí óòmù 807 nígbà tó bá ń tàn, ṣùgbọ́n tó bá tutù, ìdènà rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn. Ti fíríìjì tún yàtọ̀: nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tò rẹ̀ lè máa fa áńpíà púpọ̀ sí i títí yóò fi jóná, nítorí náà ẹ yọ ọ́.

Aránṣọ Kétu:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ó tutù tán, mo sì fi mítà kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ méjèèjì. Kò kọ nǹkan kan, àṣé mi ò tíì yí bọ́tìnnì ìgbóná rẹ̀ sókè ni. Ìgbà tí mo yí i, ó kọ óòmù 48.1. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni n óò máa lọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Èyí tó nípọn di àárọ̀.