Sẹ́ńsọ̀ wideband lórí Speeduino: mítà ń sọ ọ̀tọ̀, láptọ́ọ̀pù ń sọ ọ̀tọ̀

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Honda Civic 1998 ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì D16 tí kò ní turbo. Mo ti yọ brain box tó bá a wá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kúrò, mo sì fi òmíràn tó ń jẹ́ Speeduino rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń rìn, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àtijọ́ kò wúlò fún títún máàpù epo (tábìlì tó ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì máa gbà) ṣe, nítorí kò lè sọ ju pé epo pọ̀ tàbí pé epo kò tó. Kò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra Innovate MTX-L, mítà tí ẹ̀rọ ìdarí sẹ́ńsọ̀ wideband (èyí tó mọ bí epo ṣe pọ̀ tó) wà nínú rẹ̀, tí mo sì gbé ọkọ̀ lọ bá rewáyà kan pé kó bá mi so ó.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, mítà máa ń fi 14.7 hàn (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo kan; bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí i ni epo ṣe kéré sí i), ṣùgbọ́n 15.3 ni TunerStudio, ètò tí mo fi ń tún Speeduino ṣe, ń kọ sójú láptọ́ọ̀pù. Bí mo bá tan iná iwájú, àlàfo tó wà láàárín wọn tún máa ń fẹ̀ sí i. Innovate náà ni mo sì yàn nínú TunerStudio gẹ́gẹ́ bí irú sẹ́ńsọ̀ mi. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Lọ́nà kejì, abẹ́ páìpù sàlẹ́ńsà ni wẹ́dà fi ihò sẹ́ńsọ̀ sí, ó ní òkè kò láyè. Ṣé kò ní í léwu?

Rewáyà, Abẹ́òkúta

Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo, nọ́ńbà náà kò sì gba ibòmíràn kọjá kó tó dé ojú rẹ̀. Èyí tó ń lọ sí Speeduino ní tirẹ̀ gba orí wáyà kọjá gẹ́gẹ́ bí fóòtì (volt) iná, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Lórí MTX-L, 0 fóòtì túmọ̀ sí 7.35, 5 fóòtì sì túmọ̀ sí 22.39, èyí tó já sí pé fóòtì kan jẹ́ ìwọ̀n bíi 3. Ó yẹ kí 14.7 jẹ́ nǹkan bíi 2.44 fóòtì, ṣùgbọ́n kí láptọ́ọ̀pù yín tó lè kọ 15.3, bíi 2.64 ló gbọ́dọ̀ máa rí. Fóòtì 0.2 tó lé yẹn, inú wáyà earth, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì, ló ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sẹ́ńsọ̀ wideband ní ohun ìgbóná nínú, tó gbọ́dọ̀ gbé e dé nǹkan bíi 750 sí 780 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè ka nǹkan kan, iná tó ń fà kò sì kéré. Bí earth mítà bá wà pọ̀ pẹ̀lú ti rédíò àti ti iná ọkọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tí earth Speeduino sì wà lára ẹ́ńjìnnì, ojú kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ti ń ka fóòtì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ dúdú mítà ìwọn-iná kan earth Speeduino, ẹ fi ọwọ́ pupa kan earth MTX-L, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí iná iwájú sì wà ní títàn. Kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa.

Ọmọ ẹgbẹ́, Manchester

Ṣé kò ní í rọrùn jù kí wọ́n kàn yí nọ́ńbà padà nínú TunerStudio, kí 15.3 di 14.7? Bí mo ṣe ṣe é fún ti ọ̀rẹ́ mi níbí nìyẹn.

Rewáyà, Abẹ́òkúta

Bọ̀dá mi, bí àṣìṣe náà bá dúró sójú kan, a lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùbéèrè ti sọ pé ó ń fẹ̀ nígbà tí iná iwájú bá ń jó. Bí ẹ bá tún nọ́ńbà ṣe ní ọ̀sán, kò ní í bá ti alẹ́ mu.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo ti wọ̀n ọ́n, ó sún mọ́ 0.2 fóòtì. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi de rédíò mọ́ irin ni wọ́n so earth MTX-L mọ́.

Rewáyà, Abẹ́òkúta

Kò burú. Ẹ fa wáyà tuntun tó nípọn láti earth MTX-L lọ tààrà sí ojú kan náà tí earth Speeduino ti kan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà ibẹ̀ dànù kí ẹ tó dè é. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun mìíràn bá a pín wáyà yẹn.

Mẹkáníìkì àgbà, Mushin

Ọ̀rọ̀ ihò yẹn ni èmi fẹ́ dá sí, nítorí òun ló máa kọ́kọ́ ná olówó ọkọ̀ lówó. Nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnnì tútù bá jí, omi máa ń sẹ̀ nínú sàlẹ́ńsà, abẹ́ páìpù ni omi náà sì ń gbà lọ. Bí omi yẹn bá ta sára sẹ́ńsọ̀ tí ohun ìgbóná rẹ̀ ti ń jó, amọ̀ inú rẹ̀ á là, ẹ ó sì ra òmíràn. Bí a bá wo páìpù náà bí ojú aago, àárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ni kí sẹ́ńsọ̀ wà, kí orí rẹ̀ dà kọ sísàlẹ̀. Àwọn wẹ́dà kò fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé ó ń dá ọwọ́ wọn dúró, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló máa sanwó sẹ́ńsọ̀.

Ẹ gbé e jìnnà tó bíi 60 sẹ̀ntímítà sí ojú ihò tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, kí ooru má bàa pa á, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé ẹnu sàlẹ́ńsà, torí afẹ́fẹ́ ìta máa ń fà wọlé níbẹ̀. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ àti bátìrì kí wẹ́dà tó fi iná kan páìpù, kí ẹ sì yọ Speeduino pẹ̀lú. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá kúrú, ẹ má gé orí ìsopọ̀ tó wà ní ìparí wáyà náà dànù láéláé, nítorí inú orí ìsopọ̀ yẹn ni wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ sí láti ilé-iṣẹ́.

Ohun kan tún kù. Ẹ wo gbogbo ojú ìsopọ̀ tó wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Bí èéfín bá ń jò níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì máa pariwo pé epo kò tó nígbà tí epo tó. Ẹ fi àkísà tó nípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ń sọ “ṣììì”. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi dí i. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù silicone tí wọn kò kọ sára rẹ̀ pé kò léwu fún sẹ́ńsọ̀, èéfín rẹ̀ máa ń ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti gbé ihò lọ sókè páìpù, a sì ti fa earth tuntun. Mítà ń sọ 14.7, láptọ́ọ̀pù ń sọ 14.8, iná iwájú kò sì yí i padà mọ́. Ṣé mo lè gba Speeduino láàyè báyìí kó máa fi sẹ́ńsọ̀ tún epo ṣe fúnra rẹ̀?

Mẹkáníìkì àgbà, Mushin

Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ pa àtúnṣe yẹn kú pátápátá, kí ẹ fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ tún máàpù epo ṣe títí tí yóò fi sún mọ́ ibi tí ẹ fẹ́: bíi 14.7 nígbà tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, àti àárín 12.5 sí 13 nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún Speeduino láàyè láti fi kún epo tàbí dín in kù, tí kò ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná nìkan. Ìdí ni pé bí plọ́ọ̀gì kan kò bá ta iná, ọ́síjìn tí kò jó á bá epo náà jáde, sẹ́ńsọ̀ á kà á sí pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà á sì tún da epo sí i. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣàdédé fò sókè lójú iṣẹ́, plọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan máàpù.