Àbọ̀ lórí sọ́fíwià tí mo fi ń to ìwé mi: Tellico ló yanjú ẹ̀

Mo bèèrè lọ́wọ́ yín nípa sọ́fíwià ọ̀fẹ́, open source (tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn), tí mo lè fi kọ gbogbo ìwé mi sílẹ̀ kí n sì máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tellico ló ṣe é. Tí n bá ti tẹ ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) tó wà lẹ́yìn ìwé sí i, á lọ bá Open Library, àkójọ ìsọfúnni nípa ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á kó orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún wá, mo wá fi HTML (irú fáìlì tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé wẹ́ẹ̀bù) gbé gbogbo ẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù, mo ti ń wò ó lórí fóònù báyìí, inú mi dùn gan-an. Koha náà dáa o, àmọ́ iṣẹ́ láíbìrì ńlá ni tiẹ̀, sáfà (kọ̀ǹpútà tí á máa gbé e ṣiṣẹ́) àti MariaDB (sọ́fíwià tó ń tọ́jú dátà) tó nílò ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ó wá ku àwọn ìwé àtijọ́ tí kò ní ISBN, ọwọ́ ni mo ṣì ń fi tẹ ìyẹn. Ẹ ṣé gan-an.