Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti lọ síbi tí kóòṣì ti ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ rí?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Kent nílẹ̀ UK ni mò ń gbé. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló rán èmi àtàwọn mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ kóòṣì kan (ìyẹn ẹni tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà nípa ìwà àti iṣẹ́ ẹ̀) tó ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́, wọ́n ní á jẹ́ ká mọ ara wa dáadáa. Mo rò pé a máa gùn ún ni, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ti ń wo ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba láti kékeré, àṣé ilẹ̀ la máa dúró sí.

Wọ́n ní kí n mú ẹṣin kan rìn yípo láìfa okùn ẹ̀. Mo pè é, mo pàtẹ́wọ́, ẹṣin yìí tẹ etí sẹ́yìn ó kọ̀dí sí mi! Kóòṣì ní kí n mí kanlẹ̀, kí n sọ èjìká kalẹ̀, bí mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ ló bá ń tẹ̀lé mi, ni omi bá bọ́ lójú mi, mi ò mọ ìdí ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní torí pé ẹran tí ẹranko míì ń pa jẹ ni ẹṣin, ó máa ń tètè fura tára èèyàn ò bá balẹ̀.

Ìyẹn yé mi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí n wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí i, látàpò ara mi, bẹ́ẹ̀ kò sófin UK tó ní kéèyàn gba láísẹ́ǹsì kó tó pera ẹ̀ ní kóòṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé ohun tẹ́ ẹ rí gbà níbẹ̀ pẹ́ lára yín àbí kẹ́ ẹ tó délé ló ti pòórá? Kí ni kí n bi kóòṣì náà kí n tó sanwó?